Àǹtí Àpápá

Ní nǹkan bí 2016 sí 2020, nígbà tí tírélà àti tánkà gba ojú ọ̀nà Àpápá lọ́wọ́ onílé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé nínú GRA ló palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Àwọn kan gba Ìkẹjà lọ, àwọn mìíràn forí lé Lẹ́kí. Ilé wọn ò wó, olè ò sì lé wọn. Ọ̀nà ni ò ṣeé gbà mọ́. Tírélà á tò láti Mile 2 títí dé Tin Can, awakọ̀ á máa sùn lábẹ́ ọkọ̀, á máa dáná níbẹ̀, á máa wẹ̀ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ á sì yí po kó tó rí géètì èbúté. Ẹni tó bá jáde nílé ní ìdájí ò lè sọ aago tí yóò wọlé. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní oṣù karùn-ún 2019 láti kó wọn kúrò lójú títì. Nígbà tó di oṣù kejì 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi íntánẹ́ẹ̀tì pín àyè fún ọkọ̀ kó tó sún mọ́ èbúté, ọ̀nà sì là díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kó lọ ò padà. Géètì wọn dípẹtà, koríko hù lójúde wọn. Ẹni tó kù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mẹ́gáàdì àti ajá.

Ẹsẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, Àpápá ni mo ti ń kọ́ni. Bọ́ọ̀sì ò lọ, bọ́ọ̀sì ò bọ̀, ni mo bá ń rìn láti Boundary, n ó gba Malu Road, n ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé ńlá bọ́ sí iléèwé. Ẹni tí ò mọ agbègbè wa lè rò pé ìrìn àjò ni. Títì kan péré ló wà láàárín ibi tí èèyàn mẹ́wàá ti ń sùn nínú yàrá kan àti ibi tí ẹnì kan ti ní yàrá mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí òyìnbó parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá ní 1926, apá ọ̀hún ni àwọn ọ̀gá kọ́lé sí. Apá ibí ni àwọn tó ń bá wọn rù, tí wọ́n ń bá wọn sọ̀, ń sùn. Tiwọn ni pátákó tó ń kìlọ̀ pé ajá wà nínú ọgbà. Tiwa ni èkúkè tí kò ní pátákó, tó ń jẹ lórí ààtàn, tí kò sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ Oǹdó ni mí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, Ògún ló ń bọ, ajá sì ni Ògún ń jẹ. Mo jẹ nínú ẹran náà nígbà èwe, mo mọ bó ṣe dùn tó, mi ò sì ní torí pé mo ń kọ àròkọ kí n wá máa ṣe bí ẹni tí kò fẹnu kàn án rí. Ilé wa tún sin ajá ọdẹ. Èyí tó ń bá bàbá lọ sígbó ní orúkọ, a kì í pa á. Èyí tí wọ́n bá rà lọ́jà fún ọdún Ògún ò ní orúkọ. Bí ajá ọdẹ bá wá darúgbó, tí imú rẹ̀ ò gbóòórùn ẹran mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní sọ nǹkan kan. Ó kàn máa di ọjọ́ kan tí a ò ní rí i mọ́ lẹ́bàá ààrò. Àwa ọmọdé ò jẹ́ béèrè.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ti lọ, ọkùnrin wà ní Àbújá, obìnrin wà ní London. Ọkọ mi ní ká wá ajá sílé nítorí àwọn ọmọ tó ń fo fẹ́ńsì lóru. Ọmọ wa ọkùnrin fẹ́ fowó ránṣẹ́ kí a ra ọmọ boerboel, ajá olórí ńlá tí àwọn olówó Èkó ń sìn báyìí. Mo ní kó fowó rẹ̀ pamọ́. 2024 nìyẹn. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni gbogbo nǹkan ti fò sókè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé oúnjẹ ti fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nínú ilé tí àtijẹ ọmọ ti di ìṣòro, ajá ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò lára àwọn tó ń jẹun. Àwọn kan tú tiwọn sílẹ̀ sójú títì, wọ́n kẹ́yìn sí i, wọ́n lọ. Àwọn tí àánú wọn pọ̀ díẹ̀ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ajá tí kò nílé.

A ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Dókítà ẹranko kan, Mark Afua, ló wà nídìí St. Mark's Animal Rescue Foundation; Jackie Idimogu ló ń darí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní My Dog and I. Àwọn mìíràn tún wà tó kéré sí ìwọ̀nyí, ilé ẹnì kan, ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan, àgò díẹ̀ àti ìkòkò ìrẹsì kan. Irú ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo lọ.

Ọmọbìnrin tó gbà mí lálejò ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀, ẹ wá wo àwọn ọmọ wa," ó sì ń mú mi lọ síbi tí àwọn ọmọ ajá ti ń gun ara wọn lórí. Mo ní kó jẹ́ kí n rí èyí tó dàgbà jù. Ó dúró. Ó ní àwọn èèyàn kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi àti ọkọ mi kì í ṣe ọmọdé, pé ọmọ boerboel á gbé mi ṣubú kó tó pé ọdún kan, á sì tún ku ọdún mẹ́wàá tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi máa fà á lókùn. Èyí tó ti ṣe wàhálà ìgbà èwe tirẹ̀ tán nílé ẹlòmíràn ni mo ń wá. Kì í ṣe àánú ló gbé mi débẹ̀. Ìṣirò ni.

Àgò tó wà lẹ́yìn pátápátá ló mú mi lọ. Gbogbo ajá ibẹ̀ ló ń fò, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ha irin, àfi ọ̀kan tó na gbọọrọ sórí símẹ́ńtì tí kò tilẹ̀ gbé orí. Abo ni, àdàlú Alsatian àti ajá ìbílẹ̀. Irun ẹnu rẹ̀ ti hewú, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ṣe bàìbàì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti pá nítorí sísùn sórí ilẹ̀ líle. Páálí tí wọ́n so mọ́ àgò náà ní: Queen, abo, ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, Àpápá. Ọmọbìnrin náà ní eyín ni àwọn fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí, bó ṣe jẹ tó àti bí ìdọ̀tí ṣe gbà á tó. Lẹ́yìn ọdún méje, ajá ńlá ti di àgbà. Mo béèrè ta ló mú un wá. Ó ní dírẹ́fà kan ló fi ọkọ̀ jíìpù gbé e dé, ó ní àwọn ọ̀gá òun ń kó kúrò ní Àpápá, ó sì lọ.

Wọ́n yẹ èmi náà wò, bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Ṣé ilé ara wa ni àbí a háyà? Ṣé lánlọ́ọ̀dù gbà? Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ tí n kò bá sí nílé? Ó béèrè ìlú mi. Mo ní Oǹdó. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá rọra gbé fọ́ọ̀mù sí iwájú mi, ó sì fi bírò fàlà sídìí ìlà tó ní mo ṣèlérí pé n kò ní tà á, n kò ní pa á, n kò sì ní fún ẹnikẹ́ni láti pa. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò bínú. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí kò bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Oǹdó, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí. Ó ní London tóun wà, Mary Tealby ti dá ilé ajá tó sọnù sílẹ̀ láti 1860, èyí tó padà di ti Battersea; síbẹ̀, bí òní ṣe rí náà nìyẹn, ajá arúgbó ló máa ń pẹ́ nínú àgò jù. Ó ní ní San Francisco wọ́n tilẹ̀ dá ọ̀kan sílẹ̀ ní 2007, Muttville, fún àwọn ajá àgbàlagbà nìkan. Mo ní kó má sọ ìyẹn fún bàbá rẹ̀, kó má baà rò pé àrùn òyìnbó ló ń ṣe mí.

Gbígbé e délé ni iṣẹ́. Láti oṣù kejì 2020 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ní Àpápá àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn, nítorí náà takisí ni. Èyí àkọ́kọ́ wo ajá, ó wò mí, ó sì ṣáná sí mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Èkejì gbà, ṣùgbọ́n ó ní owó èèyàn méjì ni n ó san. Ó ní ohun tó bá ń mí sanwó nínú ọkọ̀ òun. Mo ti rò pé nígbà tí a bá gba Àpápá kọjá, ajá á nàró, á máa wòde. Ó sùn. Ó hanrun títí a fi dé Ajégúnlẹ̀.

Ilé wa jẹ́ yàrá méjìlá tó kọjú síra wọn, Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo, gbogbo wa ń lo ẹ̀rọ omi kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ omi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi mí, láti orí lánlọ́ọ̀dù dé orí ọmọ ọwọ́: iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ọkọ mi wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tánkà fọn fèrè, kò dáhùn. Ológbò gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò yíjú. Ó ní, "Tíṣà, ajá tó ti gbó, tí kò sì gbó. O káre." Ó sì bọ́ síta lọ ta ayò.

Ọkùnrin kan tún ń gba àdúgbò wa kọjá tó ń ra ajá fún àwọn ilé oúnjẹ tó ń ta 404. Ajégúnlẹ̀ ò ṣàì ní oníbàárà. Ó nà lórí géètì, ó fojú díwọ̀n ajá mi, ó dá owó lé e. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní kí ni mo wá ń fi í ṣe. Bí mo ṣe dáhùn, ó gbọ́ ohùn mi, ó wá sọ èdè Oǹdó sí mi, pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, pé ẹ̀yin náà kẹ̀! Mo fún un ní omi mu. A sọ̀rọ̀ ilé. Kò padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kí mi tí a bá pàdé, ó sì máa ń béèrè ajá.

Alhaja tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ló mú mi ronú jù. Kò pariwo. Ó pè mí wọlé, ó ní abọ́ tí ajá bá fi ahọ́n kàn, ẹ̀ẹ̀meje ni àwọn gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀, nítorí náà kí n jọ̀ọ́, kí ajá má dé ibi ìkòkò òun, kó má sì sùn sí ọ̀nà tí òun ń gbà lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbà. Bí mo ṣe ń dìde ló tún sọ pé Ànábì sọ ìtàn ẹnì kan tó rí ajá tí òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un, tí Ọlọ́run sì tìtorí ẹ̀ forí jì í. Ó ní kí n fi abọ́ omi ajá sí ibi tí oòrùn kì í pa. A ṣe àyè fún un lábẹ́ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì méjì àti aṣọ mi àtijọ́ tí mo ká lé ara wọn, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lè sinmi.

Orúkọ náà dá wàhálà. Kò dáhùn sí Queen rárá. Àwọn ọmọ ilé fẹ́ máa pè é ní Ìyá Àgbà, ìyá lánlọ́ọ̀dù sì wà láàyè, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń gbọ́ràn dáadáa. Mo yára dá wọn lẹ́kun. Ìlú wa kì í fi orúkọ ajá ṣeré. Nílé àwọn àgbà, bí ẹnì kan bá fẹ́ bú aládùúgbò rẹ̀ láì dárúkọ rẹ̀, á fi orúkọ ajá sọ ọ́, á sì máa pè é kíkankíkan ní ìrọ̀lẹ́. Ní 2016, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó pe ajá rẹ̀ ní Buhari, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù. Àwọn ọmọ wá gbà pé Àǹtí Àpápá ni. Ìyẹn ò bá orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé mu.

Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù. Oríkèé ìdí rẹ̀ ń ro ó, eyín méjì ti jẹrà, eégbọn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àánú fún un ní oògùn ara ríro tí àwa ń lò. Panadol lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, ibuprofen a máa dá ọgbẹ́ sí inú rẹ̀, a sì máa ba kídìnrín jẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́jọ́ yẹn, ó sì gba ìwé rẹ̀, èyí tí mo fi han gbogbo ilé, yàrá dé yàrá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún káàkiri ayé, ẹnu ajá sì ni ó ti ń ran fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Bí àìsàn náà bá ti fara hàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Nínú ilé tí ọmọdé ti ju ogún lọ, ìwé abẹ́rẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Oúnjẹ kò wọ́n tó bí mo ṣe bẹ̀rù: ìrẹsì rírọ̀, ṣáwá tí mo bọ̀ tí mo sì fọ́ eegun rẹ̀ kúrò, nígbà mìíràn orí kòtẹ́ láti ọwọ́ obìnrin tó ń dín ẹja ní ìkángun títì. Kò sí ata, kò sí magí.

Ohun tó ṣòro ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń wọ̀ ọ́ létí. A pè é ní Yorùbá, a pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìjọ́ tó wà ní yàrá ìkẹ́yìn dán tirẹ̀ wò. Ọkọ mi ní adití ni. Dókítà pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ajá yìí ń gbọ́ràn.

Mẹ́rúwà tó ń ta omi ládùúgbò ló tú àdììtú náà. Ó ti ọmọlanke omi rẹ̀ dé iwájú ilé ní àárọ̀ kan, ó ń pe ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lókè títì: "Zo! Zo nan!" Ajá dìde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fi ìdí ríro yẹn rìn gba àárín agbo ilé kọjá, ó dé iwájú mẹ́rúwà, ó dúró, ó gbé ojú kan tó kù sókè wò ó. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì omi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, "Zauna." Ajá jókòó. "Tashi." Ó tún dìde, pẹ̀lú ìnira. Gbogbo ilé ti tú síta nígbà náà. Alhaja pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mẹ́rúwà wá bi mí, pẹ̀lú Yorùbá tirẹ̀, pé ta ni ẹni tó kọ́ ọ. N kò ní èsì fún un. Páálí tó wà lára àgò sọ Àpápá, ó sọ Queen, ó sọ ọjọ́ orí. Ẹni tó sọ ọ́ ní Queen ló rà á, kò sì sí àní-àní pé owó rẹ̀ ló fi ra oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè é wá jẹun ní àárọ̀ àti alẹ́, tó ń ní kó jókòó, tó ń ní kó dìde, fún bí ọdún mẹ́wàá, Hausa ni onítọ̀hún ń sọ, ẹnu géètì ló sì wà. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ àwọn tó ni àgò láago. Wọ́n ní dírẹ́fà yẹn ò fi nọ́ńbà sílẹ̀. Nígbà tí ilé bá tú ká, mẹ́gáàdì á gba owó oṣù tó kẹ́yìn, á di ẹrù rẹ̀, á gba Kánò tàbí Kàtsínà lọ. Ta ni yóò gbà á láyè pẹ̀lú ajá nínú ọkọ̀ tó ń lọ sókè Ọya? Èmi tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ géètì wọ̀nyẹn kọjá lójoojúmọ́, mo máa ń kí àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú rédíò àti bútà wọn. Ajá tó ń sùn sẹ́sẹ̀ wọn, mo rò pé ti ọ̀gá ilé ni.

Ẹni tó bá ra ọmọ ajá á kọ́ ọ bó ṣe fẹ́. Èyí tí mo gbà ti kẹ́kọ̀ọ́ tán, àwa ni iléèwé wá kù fún. Mẹ́rúwà kọ́ wa, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní Hausa tí tíṣà ń sọ, ajá ló lè gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Bí àwọn ìwà mìíràn ṣe ń yọjú, bẹ́ẹ̀ ni mò ń mọ ilé tí n kò dé rí. Bí hóònù bá dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, á dìde, á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, á fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò ní í wọlé. Kì í fẹnu kan oúnjẹ tí ẹnì kan bá fi sílẹ̀ tó sì lọ. Ó fẹ́ kí olúwarẹ̀ jókòó tì í. Ní oṣù Ràmádáánì 2025, bí Alhaja ṣe ń fọwọ́ kan ìkòkò sààrì ní ìdájí, ajá á kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, á lọ jókòó sí ìta yàrá rẹ̀, kò ní sún mọ́, kò ní ké. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóru àkọ́kọ́, ó ṣe é lóru kejì. Alhaja ní ẹni tó tọ́ ajá yìí ń gba ààwẹ̀, ó sì ń bù fún un nínú sààrì rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé díẹ̀ sínú abọ́ ike kan tó yà sọ́tọ̀, á fi igi tì í sún mọ́ ọn, á sì jókòó sórí àpótí títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn. Ó ń tọ̀ sára nígbà òjò, tí oríkèé bá dùn ún jù. Ní oṣù Kejìlá, bí àwọn ọmọ bá ń yin bánga, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́, a sì ní láti tan rédíò sí i. Olè wọ ilé kẹta sí tiwa, kò gbó. Ọkọ mi kò fi í bú mi. Ó ra pádílọ́ọ̀kù.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin ibi tí mo ti gbà á tún pè. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ kú ilé, ó béèrè Àǹtí, ó béèrè Alhaja, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Akọ kan ni, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rìn, láti Festac ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì sẹ́ni tó dúró wò ó. Mo ní kó jẹ́ kí n bá bàbá sọ̀rọ̀. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ mi lálẹ́, mo ti to èsì gbogbo àríyànjiyàn rẹ̀ sílẹ̀: owó, àyè, lánlọ́ọ̀dù. Ó gé ìrèké rẹ̀ jẹ, ó ronú.

Ó ní, "Èdè wo ni ìyẹn ń gbọ́?"